Kí Ohùn Àwọn Àgbà Má Bàa Pòórá: Yíyan àti Kíkọ́ Ètò Ìgbohùnsílẹ̀ Orí Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ tí Imam bá àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí sọ níbi àpéjọ wọn ní Ajah, Ìpínlẹ̀ Èkó

 



Ìbéèrè tí àwọn tí ó pe àpéjọ yìí gbé ka iwájú mi ni pé: báwo ni ọ̀dọ́ Mùsùlùmí tí ó ní kọ̀ǹpútà nílé ṣe lè yan ètò ìgbohùnsílẹ̀, èyí tí ẹ ń pè ní sọ́fíwià, kí ó sì kọ́ ọ dé ojú àmì? Ẹlòmíràn lè máa rò ó pé kí ni ó kan Imam nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Ó kàn wá gan-an ni. Láàárín yín ni àwọn tí ń ké Àlùkùránì lóhùn dídùn wà, àwọn tí ń kọ wákà níbi wòlímọ̀, àti àwọn tí ń gba wáàsí sílẹ̀ ní mọ́sálásí. N kò ní tún àríyànjiyàn àwọn onímọ̀ lórí ìlù àti dùùrù gbé dìde níhìn-ín. Ohùn tí ó mọ́ àti ọ̀rọ̀ tí ó dára ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá

Ohùn tí a kò bá gbà sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ni yóò gbé e lọ. Ní ọdún 1922, Josiah Ransome-Kuti, àlùfáà ìjọ Kírísítẹ́nì kan láti Abẹ́òkúta, kọ orin Yorùbá sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí, a sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ síbẹ̀. Ní ilẹ̀ Íjíbítì, ní ọdún 1961, wọ́n gbé gbogbo Àlùkùránì jáde nínú rẹ́kọ́ọ̀dù láti ẹnu Shaykh Mahmud Khalil al-Husary. Ọdún 1980 ni ọlọ́jọ́ dé bá a, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kéwú ṣì ń fi ohùn rẹ̀ tọ́ ahọ́n wọn sọ́nà títí di òní. Ẹ wá bi ara yín: mélòó nínú àwọn oníwéré tí ń jí àwọn ènìyàn fún sààrì ní ilẹ̀ Èkó, kí fújì tó gba ìgboro, ni a lè gbọ́ ohùn wọn lónìí?

Ní agbègbè tiwa yìí, láti Lẹ́kì títí dé Ajah, ilẹ̀ ti yí padà. Ibi tí ó jẹ́ abúlé apẹja láàárín òkun àti ọ̀sà ti di ẹ̀sítéètì. Àwọn ìyá àgbà tí ó mọ wákà àtijọ́ ṣì wà ní Badore àti ní Langbasa. Àwọn àfáà àgbà tí ó mọ bí kéwú ti ṣe dé ilé kọ̀ọ̀kan ṣì wà pẹ̀lú wa. Ọjọ́ tí a bá gbé wọn lọ sí sàréè, ohun tí a kò gbà lẹ́nu wọn ti parí nìyẹn. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí a ń sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Mọ iṣẹ́ tí o fẹ́ ṣe kí o tó yan

Ẹni tí kò mọ ibi tí ó ń lọ kò lè mọ ọkọ̀ tí yóò wọ̀. Bí ó bá jẹ́ ohùn ẹnìkan ni o fẹ́ gbà, bíi wáàsí, kíké Àlùkùránì, tàbí ìtàn lẹ́nu àgbà, ètò kékeré tó ọ. Bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn púpọ̀ ni yóò kọrin, tí o fẹ́ gba ohùn kọ̀ọ̀kan àti bàǹdírì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí o tó pa wọ́n pọ̀, ìwọ nílò ètò tí ó gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá sì jẹ́ ìlù inú ẹ̀rọ ni o fẹ́ máa tò, ètò mìíràn ni ti ìyẹn.

Fún iṣẹ́ àkọ́kọ́, Audacity ni mo fi ń gba ọ̀pọ̀ yín níyànjú. Dominic Mazzoni àti Roger Dannenberg ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà, ó sì jáde ní ọdún 2000. Ọ̀fẹ́ ni, kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí kò lágbára púpọ̀ sì lè gbé e. Fún iṣẹ́ kejì, Reaper wà. Wọ́n fún ọ ní 60 ọjọ́ láti dán an wò pẹ̀lú gbogbo ohun èlò inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà 60 dọ́là ni ẹni tí ń lò ó fún ara rẹ̀ yóò san. Ẹni tí ó bá ń lo kọ̀ǹpútà Apple ní GarageBand lọ́fẹ̀ẹ́. Fún iṣẹ́ kẹta, FL Studio láti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe orin ní Èkó mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: ẹ̀dà rẹ̀ tí owó rẹ̀ kéré jù lọ, Fruity Edition, kì í ṣe èyí tí a fi ń gba ohùn ènìyàn sílẹ̀. Ẹni tí kò bá béèrè kí ó tó sanwó yóò kábàámọ̀.

Má ṣe fi ohun olóhun gba ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun sílẹ̀

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó ń lo ètò tí a fọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, èyí tí ẹ ń pè ní kíráàkì. Wọn a ní, “Imam, àwọn òyìnbó tí ó ni ín ti lówó tẹ́lẹ̀.” Ǹjẹ́ ọrọ̀ ẹni tí a jí nǹkan rẹ̀ sọ olè di hàláàlì bí? Ní oṣù Disẹ́ḿbà ọdún 1988, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù lágbàáyé jókòó ní ilẹ̀ Kuwait, wọ́n sì fẹnu kò pé ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé àti ti ẹni tí ó hùmọ̀ nǹkan jẹ́ ohun ìní tí Ṣàríà dáàbò bò. Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni ré e kọjá. Òfin ilẹ̀ wa náà, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Máàṣì ọdún 2023, dáàbò bo ètò kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bí ó ti dáàbò bo ìwé àti orin.

Ẹ tún wo Reaper tí mo dárúkọ. Nígbà tí 60 ọjọ́ bá pé, kì í tilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí kò sanwó. Ó kàn ń rán an létí ni. Níbẹ̀ ni ìdánwò wà. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ọlọ́jà kò sí nítòsí, Ọlọ́hun nìkan ni ó ń wo ọ. Bí owó kò bá sí, padà sórí Audacity, ìtìjú kò sí níbẹ̀. Yàtọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, àìsàn kọ̀ǹpútà tí ń pa fáìlì run a máa bá kíráàkì wọlé. Ohùn ìyá àgbà tí o gbà fún wákàtí méjì lè ti ibẹ̀ ṣègbé, ìyá náà sì lè má sí mọ́ láti tún un sọ.

Kọ́ ọ bí a ti ń kọ́ kéwú

Kò sí ọmọ kéwú tí ó bẹ̀rẹ̀ láti inú Súrátù Bákárà. Alífù ni a kọ́kọ́ ń kọ sí wàláà rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì lé eku méjì yóò pa òfo. Yan ètò kan ṣoṣo, má sì fi í sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kọ́ bí a ti ń gba ohùn, bí a ti ń dá a dúró, àti bí a ti ń fi í pamọ́. Máa wo òṣùwọ̀n ohùn; jẹ́ kí ibi tí ohùn bá ti ga jù wà láàárín −12 àti −6. Bí ó bá kan 0, ohùn yóò ya, kò sì sí oògùn rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kọ́ bí a ti ń gé ibi tí kò wúlò kúrò láìgé èémí ọlọ́rọ̀ sí méjì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kọ́ bí a ti ń dín ariwo kù. Kí àgbà tó sọ̀rọ̀, gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ìwọ yóò fi han Audacity kí ó lè mọ ariwo tí yóò yọ. Má yọ ọ́ jù, nítorí ohùn yóò dà bí ẹni pé ó ń sọ̀rọ̀ láti inú odò. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, kọ́ bí a ti ń gbé iṣẹ́ jáde. WAV ni kí o fi pamọ́: ìṣẹ́jú kan rẹ̀ fún etí méjèèjì tó mẹ́gábáìtì mẹ́wàá. MP3, tí ó kéré sí i púpọ̀, ni kí o fi ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn.

Ẹ rántí ibi tí a ń gbé pẹ̀lú. Jẹnẹrétọ̀ àdúgbò, fáànù, àti ọkọ̀ ojú títì kì í dákẹ́. Gba ohùn lẹ́yìn ìrun Sùbúù tàbí lẹ́yìn Íṣàì. Jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa lo bátìrì, pa fáànù, fi aṣọ bo fèrèsé, kí o sì tẹ́ ẹní sílẹ̀. Gbé makirofóònù sí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí ẹnu. Ẹni tí kò bá ní makirofóònù, kí ó fi fóònù rẹ̀ gbà á, kí ó sì gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Yàrá tí ó dákẹ́ pẹ̀lú ohun èlò ọ̀fẹ́ sàn ju ohun èlò olówó gọbọi nínú ariwo lọ.

Ohun ìfọkàntánni ni

Gba àṣẹ kí o tó gba ohùn ẹnikẹ́ni. Jẹ́ kí ó mọ ibi tí ohùn rẹ̀ ń lọ. Má ṣe gé ọ̀rọ̀ àfáà débi tí ìtumọ̀ rẹ̀ yóò fi yí padà. Irọ́ ni ìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ohùn rẹ̀ gan-an ni. Fi ẹ̀dà méjì pamọ́ sí ibi méjì, kí o sì kọ orúkọ, ọjọ́ àti ibi tí o ti gbà á sí i lára. Kí ẹ̀dà kan padà sọ́dọ̀ ẹbí ẹni tí ó sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, kì í ṣe ẹ̀rọ ni a ṣaláìní. Kí olúkúlùkù yín lọ mú ètò kan tí ó tọ́ sí i, kí ó sì jókòó tì í. Kí Rọ̀mọ́dàánù tí ń bọ̀ tó dé, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan yín ti gba ohùn àgbà kan ṣoṣo nílé rẹ̀ tàbí ní àdúgbò rẹ̀, kí ó sì mú un wá kí a jọ gbọ́ ọ.

Ọlọ́hun yóò dá àwọn àgbà wa sí fún wa. Yóò fi ìmọ̀ tí ó wúlò kẹ́ wa, yóò sì gbà wá lọ́wọ́ jíjẹ háráàmù. Àmín. Wàsàlámù aláékún.