Tọkọtaya Nínú Ọkọ̀ Kan

Ọ̀rọ̀ ìyànjú tí a bá àwọn tọkọtaya ìjọ wa sọ níbi Àpéjọ Gbogbogbòò, ní ìlú Àkrà, ilẹ̀ Gánà

Bíbélì kíkà: Gẹ́nẹ́sísì 7:7, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 18:18–26

  

Iṣẹ́ tí a rán wa ni pé kí a bá tọkọtaya sọ̀rọ̀. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé etí òkun ni a ti pàdé, a rò pé ó yẹ kí òkun fúnra rẹ̀ kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ sọ, òun náà sì nìyí: tọkọtaya tí ó bá wọ inú ọkọ̀ kan náà kò lè máa lọ sí èbúté méjì.

Ẹ wo ọkọ̀ Nóà. Ènìyàn 8 ni ó wọ̀ ọ́, tọkọtaya 4 sì ni wọ́n: Nóà àti aya rẹ̀, àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ 3 àti àwọn aya wọn. Ọlọ́run kò gba ọkọ là kí ó fi aya sílẹ̀ fún omi. Ẹ sì wo Àkúílà àti Pírísíkílà. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù wọ ọkọ̀ láti fi Kọ́ríńtì sílẹ̀, àwọn méjèèjì bá a wọ̀ ọ́. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù sì kúrò ní Éfésù láti máa bá ìrìn àjò rẹ̀ lọ, àwọn ni ó dúró. Ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti jùmọ̀ la ọ̀nà Ọlọ́run yé Àpólò, ọkùnrin tí ó mọ ọ̀rọ̀ í sọ.

Irú ohun bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní etí òkun tiwa yìí pẹ̀lú. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1838, Thomas Birch Freeman, ìránṣẹ́ Ọlọ́run láti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, gúnlẹ̀ sí Cape Coast pẹ̀lú aya rẹ̀. Oṣù méjì kò pé tí aya náà fi kú. Ó fẹ́ òmíràn, ó mú un wá, ikú sì tún mú ẹni náà lọ ní 1841. Ní àkókò yìí kan náà, àwọn ọmọ Yorùbá tí a ti gbà kúrò lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, tí wọ́n sì ti gbé ní Sàró, ti ń padà sí ilẹ̀ baba wọn láti 1839. Àwọn ni wọ́n ránṣẹ́ láti Àgbádárìgì pé kí a wá fi Ìhìnrere bá àwọn.

Freeman kò ní aya mọ́ nígbà tí ó dìde láti jẹ́ ìpè náà. Àwọn tí ó bá a wọ ọkọ̀ ni William de Graft, ọmọ bíbí ilẹ̀ Góòlù Kóòsì, àti aya rẹ̀. Nígbà náà, ìgbòkun ni ọkọ̀ fi ń rìn: bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, ọkọ̀ a lọ, bí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́, ọkọ̀ a dúró. Ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842 ni wọ́n gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun tí ó tẹ̀lé e. Arìnrìn-àjò ni Freeman. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ó ti dé Abẹ́òkúta, níbi tí Ṣódẹkẹ́ ti gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó kọjá sí Dàhómì láti rí ọba Gezo. Ta ni ó kù ní Àgbádárìgì? De Graft àti aya rẹ̀ ni. Ní 1843, wọ́n ti kó àwọn ọmọ jọ sí ilé-ẹ̀kọ́, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ àwọn Sàró, ó sì wà lára àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ tí ó kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Bí a bá ń ka ìtàn, a máa ń pe Freeman lórúkọ, a máa ń pe de Graft lórúkọ, ṣùgbọ́n aya de Graft ni a máa ń pe ìyá yìí. Síbẹ̀, òkun kan náà ni ó là kọjá, ìlẹ̀kùn kan náà ni ó sì ṣí fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn àgbà ní ẹnì kan kì í jẹ́ àwá dé.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a wo òkun fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà ìlú yìí mọ̀ pé kí wọ́n tó ṣí èbúté Tema ní 1962, ọkọ̀ ńlá kì í lè sún mọ́ etí ilẹ̀ Àkrà. Ọ̀ọ́kán ni yóò ti ju ìdákọ̀ró, àwọn ọkọ̀ kéékèèké alájẹ̀ ni yóò sì lọ kó èrò àti ẹrù wá láàrin ìgbì. Ẹ̀kọ́ wà nínú ọkọ̀ kékeré yẹn. Iwájú ni ó gbọ́dọ̀ kọ sí ìgbì. Bí àwọn tí ó wà lápá ọ̀tún bá ń wà á síwájú, tí àwọn tí ó wà lápá òsì sì ń wà á sẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ ni ọkọ̀ yóò kọ sí ìgbì, omi yóò sì dà á dé. Ìgbì kò ní láti tóbi ju ti àná lọ kí èyí tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kejì ni ti ìṣàn omi. Ìṣàn omi etí òkun yìí ń lọ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Ọkọ̀ onígbòkun tí ó bá fi Àkrà sílẹ̀ lọ sí ìhà Èkó ní ìrọ̀rùn púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ padà, omi yóò máa tì í sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni jíjìnnà sí ara ẹni nínú ìgbéyàwó. Lílọ rọrùn, kò béèrè agbára kankan. Pípadà ni ó le.

Ẹ̀kọ́ kẹta wá láti ọ̀dọ̀ tọkọtaya kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Eric àti Susan Hiscock. Ní 1952, wọ́n wọ ọkọ̀ onígbòkun kékeré kan tí à ń pè ní Wanderer III, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 30, wọ́n sì fi yí gbogbo ayé po, wọ́n padà délé ní 1955. Ojú ọkọ kò ríran dáadáa. Ohun tí ojú ọ̀kan kò bá ká, ojú èkejì ni yóò bá a ká. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, bí ọ̀kan bá ń sùn, èkejì ni yóò máa ṣọ́nà. Àwọn méjèèjì ni ó gbọ́dọ̀ mọ iye omi mímu tí ó kù. Bí wọ́n bá bínú sí ara wọn, kò sí yàrá kejì tí ẹnikẹ́ni yóò sá lọ. Wọn yóò parí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹnì kan lè wí pé, “Iṣẹ́ ni ó mú mi wá sí Àkrà, aya mi wà ní Ọ̀yọ́, a kò lè wà nínú yàrá kan.” A gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn Gà tí wọ́n gbà wá lálejò. Ní Àkrà àtijọ́, ó wọ́pọ̀ kí ọkọ máa gbé ilé tirẹ̀, kí aya máa gbé ilé tirẹ̀. Síbẹ̀ ọkọ ń lọ sí òkun, aya ń gba ẹja, ó ń yan án, ó ń tà á, ó sì mọ ohun tí òkun mú wá àti ohun tí ọjà mú wá. Ògiri méjì kò sọ ọkọ̀ di méjì. Ohun tí ó ń sọ ọkọ̀ di méjì ni ìkọ̀kọ̀.

Nítorí náà a gba yín níyànjú lórí nǹkan mẹ́ta. Èkínní, ẹ jẹ́ kí ẹrù inú ọkọ̀ hàn sí ẹni méjèèjì. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ 2 péré láti gbà á tàbí kí wọ́n lọ, ọ̀pọ̀ Yorùbá oníṣòwò sì fi ilẹ̀ yìí sílẹ̀. Ní 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gánà. Ọkọ tí aya rẹ̀ kò mọ ẹni tí ó jẹ ẹ́ lówó àti ẹni tí òun jẹ, ṣé ọ̀sẹ̀ 2 ni yóò fi kọ́ ọ? Ikú kì í tilẹ̀ fún ni ní ọ̀sẹ̀ 2.

Èkejì, ẹ máa ṣọ́nà ní ìpín. Ìgbà kan wà tí ara ọkọ kò ní yá, ìgbà kan wà tí ọjà aya kò ní tà. Ẹni tí ó bá jí ni kí ó di ìtọ́kọ̀ mú, kí ó má sì fi ṣe ìyangàn nígbà tí èkejì bá jí.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi ẹnu kò sí èbúté kan. Ọ̀rọ̀ yìí le, ṣùgbọ́n a kò ní gbé e mì. Àwọn kan wà tí wọ́n fi aya sílẹ̀ ní ilé, tí wọ́n sì ní ilé kejì ní àjò tí aya náà kò gbọ́. Ìgbà mélòó ni àwọn alàgbà ìjọ ti dúró níbi ìsìnkú, tí obìnrin méjì tí kò mọ ara wọn rí pàdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí kan, tí àwọn ọmọ sì ń wo ojú ara wọn bí àjèjì? Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹni tí ó bá wà nínú irú èyí, kí ó tọ olùṣọ́-àgùntàn ẹ̀ka rẹ̀ lọ kí àpéjọ yìí tó túká. Pípadà le, omi yóò máa tì í sẹ́yìn, ṣùgbọ́n Olúwa tí ó bá ìgbì wí tí ó sì dákẹ́ wà nínú ọkọ̀.

Freeman náà tún gbéyàwó ní 1854 pẹ̀lú obìnrin ilẹ̀ yìí, Ọlọ́run sì fi ọmọ fún wọn. Ìlú Àkrà yìí ni ó kú sí ní 1890.

Kí Olúwa jẹ́ Atukọ̀ ilé wa. Kí ó fi ìfẹ́ ṣe ìdákọ̀ró wa. Kí ó mú tọkọtaya gbogbo gúnlẹ̀ papọ̀ sí èbúté ayọ̀, ní orúkọ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.