Okùn Iná àti Ohùn Àwọn Àgbà
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ìjòyè àti ọmọ Ẹgbẹ́ ní Ìkirè

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ń retí kí a sọ̀rọ̀ lórí ogun Òwu àti lórí ọjà Àpòmù, níbi tí aáwọ̀ tí ó fa ogun náà ti bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ọ̀rọ̀ waya ni a mú wá lónìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a ti fi iṣẹ́ Ẹgbẹ́ sílẹ̀ gba iṣẹ́ oníṣẹ́ ẹ̀rọ. Ìtàn náà gan-an ni a fẹ́ dáàbò bò, nítorí pé ìdí waya ni a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù rẹ̀.

Ẹ ó rántí pé láti ọdún mélòó kan ni a ti ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ ní ìlú méjèèjì: oríkì orílẹ̀, ìtàn bí a ti tẹ àdúgbò dó, orúkọ odò àti ti igi tí í ṣe ààlà ilẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí ó wà ní ọ́fíìsì wa ni a kó gbogbo rẹ̀ sí, nínú hard disk méjì, a sì gbà pé ohun tí ó bá ti wọ ibẹ̀ ti wọ inú àpáta. Ní alẹ́ ọjọ́ kan iná lọ. Nígbà tí ó padà dé, ó dé pẹ̀lú agbára tí ó ju bí ó ti yẹ lọ, páwà páàkì ẹ̀rọ náà sì jó. A pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a kò ní í dárúkọ rẹ̀, ọmọ dáadáa ni, pé kí ó bá wa fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ó ra tuntun wá. Ṣùgbọ́n ó rí i pé okùn ti àtijọ́ ti gba gbogbo kọ̀rọ̀ inú késìn kọjá, wọn kò sì rọrùn láti fà yọ. Ó tún rí i pé ìdí wọn wọ inú ihò páwà páàkì tuntun rẹ́gí. Ó fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó ti tẹ bọ́tìnì, òórùn kan jáde, ó sì parí. Disk méjèèjì kú. Nínú àwọn àgbà tí ohùn wọn wà níbẹ̀, mẹ́ta ti re ibi àgbà ń rè.

A kó disk méjèèjì lọ sí ọjà kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà. Wọ́n gba ọ̀kan là, pẹ̀lú owó tí akápò wa kò ì tíì gbàgbé. Èkejì wà nínú dúrọ́ọ̀ wa títí di òní.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Iná tí ń wọ ilé wa jẹ́ fọ́ọ̀tì 230. Kò sí disk tàbí bọ́ọ̀dù tí ó lè jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Páwà páàkì ni í gé e wẹ́wẹ́, bí ìyá ti í gé iṣu fún ọmọ tí kò ì tíì hu eyín púpọ̀: ó sọ ọ́ di fọ́ọ̀tì 12, 5 àti 3.3, ó sì ń fi okùn rán olúkúlùkù sí ibi tí ó yẹ ẹ́. Níbi tí wọ́n bá ti fi àwọ̀ pín waya, àwọ̀ ìyeyè ni 12, pupa ni 5, àwọ̀ ọsàn ni 3.3, dúdú sì ni ọ̀nà àbọ̀ gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ti òde òní ni gbogbo waya wọn dúdú, tí ojú kò sì lè fi dá wọn mọ̀. Hard disk ńlá, ti ínǹṣì 3.5, ń fi 12 yí mọ́tọ̀ rẹ̀, ó sì ń fi 5 bọ́ ọpọlọ rẹ̀. Kékeré, ti ínǹṣì 2.5, irú èyí tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà àgbéká, 5 nìkan ni ó sábà máa ń jẹ. Bí 12 bá gba ọ̀nà 5 wọlé, ọpọlọ yóò jó kí ènìyàn tó ṣẹ́jú.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí fún wa. Àwọn páwà páàkì kan wà tí okùn wọn lẹ̀ mọ́ wọn; òmíràn wà tí okùn rẹ̀ ṣeé yọ. Ní ti èyí tí ó ṣeé yọ, orí okùn tí ó kọjú sí disk ní òfin kan káríayé, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ tí ó kọjú sí páwà páàkì kò ní òfin kankan. Olúkúlùkù ilé iṣẹ́ ń tò ó bí ó ti wù ú. Ilé iṣẹ́ kan náà tilẹ̀ lè tò ó báyìí fún ẹ̀yà kan, kí ó tò ó bí mìíràn fún èkejì. Ihò lè bá ara mu kí ohun inú rẹ̀ má bá ara mu. A mọ irú èyí láàárín ọmọ ènìyàn. A kò retí rẹ̀ lọ́dọ̀ waya. Nítorí náà, bí a bá pa páwà páàkì dà, kí a pa gbogbo okùn rẹ̀ dà pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ gba ìdajì ọjọ́ láti fà wọ́n jáde.

Ní ti bí a ti ń so disk, okùn méjì ni disk SATA ń gbà, irú èyí tí ó dé láti ọdún 2003. Èyí tí ó tín-ín-rín, olójú 7, ni ọ̀nà ọ̀rọ̀: láti bọ́ọ̀dù ni ó ti wá, òun ni ó ń gbé ohùn àti ìwé lọ, tí ó ń gbé e bọ̀, kò sì gbọdọ̀ gùn ju mítà kan lọ. Èyí tí ó fẹ̀, olójú 15, ni ọ̀nà oúnjẹ: láti páwà páàkì ni ó ti wá. Ẹni tí ó bá so ti oúnjẹ tí ó gbàgbé ti ọ̀rọ̀ yóò gbọ́ bí disk ti ń yí, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù kò ní mọ̀ pé àlejò wà nílé. A gé ẹnu méjèèjì ní igun bíi lẹ́tà L kí wọ́n má baà ṣeé kì bọ̀ ní òdì. Bí kò bá wọlé, ẹ yí i padà. Ẹ má fi agbára tì í, ike ni. Àwọn disk àtijọ́, ti IDE, ń lo okùn pẹlẹbẹ tí ó fẹ̀ bí ìgbànú. Ilà pupa etí rẹ̀ ni ó ń fi ojú kìíní hàn. Àwọn tuntun tí a ń pè ní M.2 kò tilẹ̀ ní okùn rárá: orí bọ́ọ̀dù ni a ń kì wọ́n bọ̀, tí a ó sì fi síkúrúù kékeré kan dè wọ́n.

Bọ́ọ̀dù pẹ̀lú ní oúnjẹ tirẹ̀, okùn ńlá olójú 24, àti òmíràn olójú 4 tàbí 8 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọlọ àgbà. Èyí kékeré yìí ni àwọn ọmọ wa sábà máa ń gbàgbé. Fáànù yóò máa yí, ojú ẹ̀rọ yóò sì ṣókùnkùn, wọn a sì máa bú ẹni tí ó tà á fún wọn láìṣẹ̀.

Ohun kan wà tí ó kan àwa ju àwọn tí ń kọ ìwé àlàyé ẹ̀rọ lọ. Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà tí ń wọ Ìkirè àti Àpòmù, àwọn kan sì ti Amẹ́ríkà wá, níbi tí iná ilé ti jẹ́ fọ́ọ̀tì 120. Ẹ wo ẹ̀yìn páwà páàkì wọn. Bí ẹ bá rí bọ́tìnì pupa kékeré tí a kọ 115 sí lára, ẹ tì í sí 230 kí ẹ tó kì í bọ iná. Bí ó bá wà ní 115 tí iná wa sì bá a níbẹ̀, yóò dún bí ìbọn. Èyí tí a bá kọ 100 sí 240 sí lára ń yan fúnra rẹ̀, kò ní ìjà kankan.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣí ẹ̀rọ tí okùn rẹ̀ ṣì wà nínú ògiri. Bí ẹ bá yọ ọ́ tán, ẹ tẹ bọ́tìnì rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí iná tí ó kù lè ṣàn lọ. Páwà páàkì fúnra rẹ̀, ẹ má ṣí i rárá; iná ń sùn nínú rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ara ènìyàn pẹ̀lú ń kó iná kékeré jọ, pàápàá ara ẹni tí ó wọ aṣọ òyìnbó tí ń dún ṣáṣá. Kí ó fọwọ́ kan irin késìn kí ó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù.

A kò dá ọmọ náà lẹ́bi jù. Ẹ̀bi náà, tiwa ni jù. Disk méjì tí ó wà nínú àpótí kan, tí ń jẹ nínú àwo kan, ọ̀kan náà ni wọ́n nígbà tí ewu bá dé. Àwa tí a mọ̀ pé a kì í kó gbogbo irúgbìn sínú abà kan kó gbogbo ohùn àgbà sínú késìn kan, a sì rò pé a gbọ́n. Láti ìgbà náà, ẹ̀dà kan wà ní Ìkirè, èkejì wà ní Àpòmù, ẹ̀kẹta kò sì sí nínú kọ̀ǹpútà kankan àfi ìgbà tí a bá fẹ́ kọ tuntun sí i.

Ohun tí a wá béèrè lọ́wọ́ yín kò pọ̀. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2006, ní ọgbà kan ní Ìkirè níhìn-ín, níbi tí a ti ń kọ́ èdè àti àṣà; àwọn tí yóò gba ohùn sílẹ̀ kò wọ́n wa. Àwọn tí yóò mọ ibi tí okùn kan ti yàtọ̀ sí èkejì ni ó wọ́n. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti pọ́n kọjá, tí ará ibòmíràn ìbá dànù, ni àwọn ìyá wa fi ń ṣe dòdò tí gbogbo èrò ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ń sáré rà. Kọ̀ǹpútà tí ó ti kú ní ilé yín, ẹ má tà á fún onígàárawú. Ẹ fi ránṣẹ́ sí wa, kí àwọn ọmọ fi kọ́ṣẹ́, kí wọ́n so ó, kí wọ́n tú u, kí wọ́n bà á jẹ́ níbi tí kò sí ohùn ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Ẹ̀rọ kan wà lórí tábìlì lẹ́yìn yín, a ti ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a sì ti yọ okùn rẹ̀ kúrò nínú ògiri. Okùn tí ó pa disk wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú okùn tí ó yẹ kí a lò. Ẹ súnmọ́ ọn kí ẹ wò ó bóyá ẹ ó mọ èyí tí í ṣe èwo.