Ọjọ́ Tí Iná Lọ ní Madrid: Ta Ni Yóò Dáhùn?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa)

Ọ̀rọ̀ iná ọba ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ti máa sọ lọ́kàn rẹ̀ pé, "Pásítọ̀, èwo ni tuntun nínú ìyẹn?" Ohun tí ó jẹ mí lọ́kàn gan-an nìyẹn, pé kò sí ohun tuntun nínú rẹ̀ fún wa mọ́.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, mo gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, mo sì lọ sí ilẹ̀ Sípéènì. Ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú kan lẹ́bàá ìlú Madrid ni ó pè mí pé kí n wá kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn bí a ti ń tọ́jú ìwé owó ìjọ. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà níbẹ̀, àwọn ará Gánà náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń ṣiṣẹ́ alẹ́, nítorí náà ọ̀sán ni a ń ṣe kíláàsì.

Ní ọjọ́ Ajé, 28 oṣù kẹrin, nígbà tí aago méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán kọjá díẹ̀, iná lọ. Ẹ̀rọ tí ń gbé àwòrán sára ògiri kú. Àwọn ọmọ Nàìjíríà inú kíláàsì pariwo pé, "NEPA ti mú un lọ!" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo ń bá ẹ̀kọ́ mi lọ lójú pátákó.

Kí wákàtí kan tó pé, ẹ̀rín ti tán. Gbogbo ilẹ̀ Sípéènì àti Pọ́túgà ni iná ti lọ, àfi àwọn erékùṣù wọn. Fóònù kò lọ mọ́. Obìnrin kan nínú kíláàsì ní ọmọ méjì ní ilé ìwé, kò sì rí ẹnikẹ́ni pè. Ẹsẹ̀ ni ó fi rìn lọ mú wọn. Wọ́n ń kó èrò jáde nínú reluwé abẹ́ ilẹ̀. Àwọn reluwé ọ̀nà jíjìn dúró sójú ọ̀nà, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 35 èèyàn ni wọ́n sì ní láti lọ yọ nínú wọn. Iná tí ń darí ọkọ̀ ní oríta kú, ọlọ́pàá ń fi ọwọ́ darí ọkọ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù, káàdì kò ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó ní owó lápò ló rí búrẹ́dì rà. Àwọn èèyàn tò lọ bẹẹrẹ nítorí rédíò oníbátìrì àti àbẹ́là.

Èmi ní tọ́ọ̀ṣì nínú báàgì mi, mo ní owó Yúrò díẹ̀ lọ́wọ́, mo sì ti pọn omi sínú ike kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tí ó gbà mí sílé ní, "Pásítọ̀, ta ló sọ fún yín?" Mo ní, "Ṣé o ti gbàgbé ilé ni?"

Ní ilé tí mo wọ̀ sí, ìyá arúgbó kan ń gbé ní àjà kẹfà. Lífítì ti kú, ìyá kò lè sọ̀ kalẹ̀. Ọmọkùnrin ará Mòrókò kan tí ń gbé nísàlẹ̀ ló ń gun àtẹ̀gùn lọ, tí ó ń gbé omi àti búrẹ́dì fún un. Níbòmíràn, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní agbègbè Galicia, tọkọtaya kan àti ọmọ wọn kú sínú ilé. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fura sí. Wọ́n ní ẹ̀rọ tí ń ran ọ̀kan nínú wọn lọ́wọ́ láti mí ni wọ́n torí rẹ̀ tan án. Ẹ ò rí i pé ohun tí ń pa wá níhìn-ín ló pa wọ́n lọ́hùn-ún? Ibi yòówù kí iná ti lọ, aláìsàn, arúgbó àti ẹni tí kò ní lọ́wọ́ ló ń kọ́kọ́ kàn.

Nígbà tí yóò fi di aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, iná ti dé padà sí ọ̀pọ̀ jù lọ ilẹ̀ Sípéènì. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ó tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ tí iná lọ gan-an, olórí ìjọba wọn jáde sí gbangba, ó ní láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, nǹkan bí 60 nínú 100 iná tí orílẹ̀-èdè náà ń lò ti pòórá. Kí oṣù méjì tó pé, ní 17 oṣù kẹfà, ìjọba gbé àbọ̀ ìwádìí jáde. Wọ́n ní agbára iná orí wáyà ló ga ju bí ó ti yẹ lọ, tí àwọn ilé iṣẹ́ amúnáwá fi ń já kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n bá ilé iṣẹ́ tí ń darí wáyà wí, wọ́n bá àwọn amúnáwá wí. Àwọn yẹn náà fèsì, wọ́n ń jiyàn. Síbẹ̀ ìbéèrè wà lójú gbogbo ayé, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún ará ìlú pé kí ó mú un mọ́ra.

Ẹ jẹ́ kí a wálé. Ní ọdún 2024, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìwé ìròyìn ti kà á, ó ju ìgbà mẹ́wàá lọ tí wáyà ńlá orílẹ̀-èdè wa dà wó. Èwo nínú rẹ̀ ni ẹ lè sọ ìdí rẹ̀ fún mi? Tí iná bá dé, a ó pariwo "Ùp NEPA!", ó parí. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, wọ́n gbé owó yúnìtì kan láti náírà 68 sí náírà 225 fún àwọn tí wọ́n ní wọn yóò máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́. Àwa náà ń ra jẹnẹrétọ̀, a ń dá owó òpó, a ń dá owó tiransifọ́mà. Gbogbo ọgbọ́n tí a fi ń gbé láìsí iná yìí, àwọn tí ó yẹ kí ó fún wa ní iná ló ń jẹ èrè rẹ̀. Bí ó ti mọ́ wa lára ni ọkàn wọn fi balẹ̀.

Kí ni kí a ṣe? Mo ní nǹkan mẹ́ta.

Èkíní, ẹ ra ìwé kékeré kan fún àdúgbò yín. Ẹ máa kọ aago tí iná dé àti aago tí ó lọ. Ìlànà tí àjọ NERC gbé kalẹ̀ ní ọdún 2024 ni pé bí ilé iṣẹ́ iná kò bá lè pé wákàtí 20 yẹn fún ọjọ́ méje léra, kí wọ́n já àwọn oníbàárà náà kúrò ní ipò olówó gọbọi yẹn. Ẹni tí kò kọ nǹkan sílẹ̀ kò ní ẹ̀rí.

Èkejì, kí a tó dá owó tiransifọ́mà, kí a rántí pé ìlànà NERC kò sọ ọ́ di iṣẹ́ ará àdúgbò láti rà á. Bí ọ̀ràn bá le tó bẹ́ẹ̀, kí ilé iṣẹ́ náà kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀wé bí yóò ṣe dá owó wa padà. Òfin iná ọdún 2023 sì ti fún ìpínlẹ̀ láyè láti ṣàkóso iná tirẹ̀. Èkìtì, Oǹdó, Ọ̀yọ́ àti Èkó ti gbà á lọ́wọ́ NERC. Ẹni tí a ó bi léèrè kò jìnnà mọ́. Ọ́fíìsì ìjọba ni èmi ti ń jẹun, mo mọ̀ pé lẹ́tà tí ó ní déètì, tí wọ́n sì buwọ́ lù pé àwọn gbà á, ó ṣòro láti gbé sọnù. Ẹ máa tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ mọ arúgbó àti aláìsàn tí ó wà ní òpópónà yín kí òkùnkùn tó dé. Ẹ má sì gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé, tàbí sí ẹnu ọ̀nà, tàbí sábẹ́ fèrèsé.

Opó tí Jésù fi pa òwe, kò ní ju ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ, síbẹ̀ ó ń padà tọ adájọ́ yẹn lọ títí ó fi dá a lóhùn. Ẹ jẹ́ kí àwa náà máa padà lọ, pẹ̀lú ìwé wa lọ́wọ́.