Ìwé Lórí, Iṣẹ́ Lọ́wọ́

Ọgọ́rùn-ún ọdún kì í ṣe ọjọ́ kan. Ẹni tí ó bá ṣojú rẹ̀, ó yẹ kí ó dúpẹ́.

Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Àjọ̀dún ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa, a kọ́kọ́ wo inú ilé yìí yíká. Ẹnìkan ni ó fi ayùn rẹ́ igi àga gígùn tí ẹ jókòó lé. Ẹnìkan ni ó to ògiri yìí ní ẹsẹẹsẹ. Ẹnìkan ni ó gun orí òrùlé lọ kan páànù mọ́ igi. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó fi ẹnu ṣe é. Ṣùgbọ́n lónìí, bí ìjì bá ṣí páànù kan lórí wa, agbára káká ni a fi ń rí ẹni tí yóò tún un ṣe tí kò ní jò mọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ tí ó ní ìwé ẹ̀rí girama kún ìgboro, tí wọn kò rí iṣẹ́ ṣe. Ohun tí a fẹ́ bá yín sọ kò ju ọ̀kan lọ: iṣẹ́ ọwọ́ tí a fi ẹnu nìkan kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé, a kò tíì kọ́ ọ ní iṣẹ́.

Àwọn tí ó ṣáájú wa mọ èyí. Ní ọdún 1854 ni Henry Townsend gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tí ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ náà. Nígbà tí ó di ọdún 1859, Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde láti ibẹ̀. Ẹ rò ó wò: ọmọ tí ń to lẹ́tà òjé fún ìtẹ̀wé, òdìkejì ni lẹ́tà náà kọjú sí. Bí kò bá mọ ìwé dáradára, kò lè tò ó. Bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá sì yè kooro, kò lè tẹ̀ ẹ́. Orí àti ọwọ́ ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ní Abẹ́òkúta kan náà, Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ C.M.S. ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣe ìtìlẹ́yìn fún ilé ìkọ́ṣẹ́ kan níbi tí a ti ń ya kóró kúrò lára òwú, tí a sì ń dì í láti kó ránṣẹ́ sí Manchester. Ní Èkó pẹ̀lú, àwọn Àgùdà tí ó ti Brasil padà wá fi iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà sọ ìlú náà di ọ̀tun. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí a ṣí ní ọdún 1894, ń jẹ́rìí sí ọwọ́ wọn títí di òní.

Kí ni ó wá dé? Àwọn ènìyàn rí i pé ọmọ tí ó mú gègé ni ń gba owó oṣù, òun ni ń wọ bàtà lọ sí ọ́fíìsì. Láti ìgbà náà ni a ti ń sọ fún ọmọ tí ìwé kò bá wọ orí rẹ̀ pé, 'Ìwọ, lọ kọ́ṣẹ́.' Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe sọ iṣẹ́ ọwọ́ di ìjìyà, tí a sì fi ògiri sí àárín ilé-ìwé àti ìsọ̀ oníṣẹ́.

Ní ọdún 1982, Ìjọba Àpapọ̀ gbìyànjú láti wó ògiri náà, nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún 6, 3, 3 àti 4 bẹ̀rẹ̀. A ní kí ọmọ girama máa kọ́ iṣẹ́ igi, iṣẹ́ irin àti iná mànàmáná. A ra ẹ̀rọ láti òkè òkun. Ṣùgbọ́n ní ilé-ìwé púpọ̀, kò sí iná, kò sì sí olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n lò.

A wà lára àwọn ọmọ ìgbà náà. Ní ilé-ìwé tí a lọ, inú àpótí tí a fi kó wọn wá ni àwọn ẹ̀rọ náà wà, a sì ti yàrá wọn pa. Olùkọ́ wa, ẹni rere, ya àwòrán ayùn sí ojú pátákó, àwa náà sì yà á sínú ìwé wa. A kọ orúkọ eyín rẹ̀ àti èèkù rẹ̀. A gba máàkì tí ó pọ̀, a kò sì fi ọwọ́ kan ayùn rí.

Nígbà ìsinmi, baba wa fi wá sí ọ̀dọ̀ baba káfíńtà kan ní àdúgbò. Iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ fún wa ni àpótí ìjókòó kékeré. A ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta. Baba gbé e lé orí simẹ́ńtì, ó fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, ó sì mì. Ó bojú wò wá, ó ní, 'Ọmọ mi, máàkì mélòó ni kí n fún un?'

Ojú tì wá. A gé ẹsẹ̀ kan, ó tún mì. A gé èkejì, ó tún mì, títí àpótí náà fi fẹ́ẹ̀ kan ilẹ̀. Nígbà náà ni ó wá fi ibi tí àṣìṣe wà hàn wá: igi tútù ni a lò, ó ti súnkì, ẹsẹ̀ sì ti tú nínú ihò rẹ̀. Kò sí ìwé tí ó tíì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ igi gbígbẹ yé wa bí àpótí yẹn ṣe jẹ́ kí ó yé wa.

Ní ọjọ́ mìíràn ó mú wa lọ síbi tí a ti fẹ́ fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀. Bíríkìlà kan kan èèkàn mọ́ igun, ó wọn ẹsẹ̀ bàtà 3 sí apá kan, ó wọn ẹsẹ̀ bàtà 4 sí apá kejì, ó sì na okùn láti òpin èkíní dé òpin èkejì. Ó ní, 'Bí ó bá pé ẹsẹ̀ bàtà 5 gééré, igun tọ́.' Ẹnu yà wá. Ìṣirò Pythagoras tí a kọ́ sórí ní kíláàsì ni! Àwa mọ orúkọ Gíríìkì náà, a kò mọ ohun tí a fi ìṣirò rẹ̀ ṣe; bíríkìlà mọ ohun tí a fi í ṣe, kò mọ ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà wa kúkú ti wí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Ní ọdún 2011 ìjọba tún tẹ̀ síwájú: a to iṣẹ́ 34 sílẹ̀, a sì ní kí gbogbo ọmọ tí ó wà ní kíláàsì àgbà ní girama mú ọ̀kan. Ní ọdún 2025 a dín wọn kù sí 6: iná oòrùn, aṣọ rírán, ẹran sísìn, ohun ọ̀gbìn, ìtọ́jú irun àti ẹwà ara, àti àtúnṣe kọ̀ǹpútà àti fóònù. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n yálà iṣẹ́ 34 ni o, yálà 6 ni o, bí ó bá jẹ́ ojú pátákó ni a ti kọ́ wọn, àpótí wa yóò tún mì.

Èyí tí ó ń bọ̀ yìí sì léwu ju àpótí lọ. Ẹ wo iná oòrùn tí ó wà lórí òrùlé púpọ̀ lónìí. Gílóòbù tí agbára rẹ̀ jẹ́ wáàtì 60, bí a bá so ó mọ́ bátìrì fóòtì 12, áńpù 5 ni yóò máa gba inú wáyà kọjá. Ìṣirò ọmọ girama ni èyí. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó so ó bá lo wáyà tí ó tín-ín-rín jù, wáyà yóò gbóná, ilé sì lè jó. Ẹni tí ó mọ ìṣirò tí kò di wáyà mú rí, àti ẹni tí ń so wáyà tí kò mọ ìṣirò, ọgbọọgba ni ewu wọn.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé a fẹ́ kí ọmọ tálákà máa la igi, kí ọmọ olówó máa kàwé. Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe ti òmùgọ̀. Nígbà ìjọba òyìnbó, àwọn baba wa kan kọ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ nítorí wọ́n fura pé a fẹ́ fi tẹ̀ wá mọ́lẹ̀ ni. Ìdáhùn wa ni pé kí ọmọ tí ó gba ipò kìíní mú ìfági dání gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó gba ipò ìkẹyìn, kí ọmọbìnrin sì mú un bí ọmọkùnrin. Ẹni tí yóò di dókítà tàbí adájọ́ lọ́la kò pàdánù ohunkóhun bí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ iṣẹ́.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a bẹ̀ yín fún. Èkíní, kí a má ṣe fi ìwé nìkan dán ọmọ wò nínú iṣẹ́ ọwọ́. Kí ó gbé ohun tí ó ṣe wá, kí a tẹ̀ ẹ́ wò bóyá yóò mì. Èkejì, kí àwọn ilé-ìwé pe àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ìlú wọlé, kí wọn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ olùkọ́, kí a sanwó wọn, kí a sì bọ̀wọ̀ fún wọn bí a ti ń bọ̀wọ̀ fún olùkọ́. Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀yin òbí má ṣe tún fi iṣẹ́ dẹ́rù ba ọmọ yín mọ́.

Nínú Ìjọ yìí káfíńtà wà, télọ̀ wà, oníná wà. Bí olúkúlùkù bá gba ọmọ girama méjì sọ́dọ̀ ní àkókò ìsinmi, àjọ̀dún wa yóò ti so èso kí ọdún tó yí. Àwọn tí yóò ṣe àjọ̀dún igba ọdún ní ibí yìí, a kò ní sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn yóò jókòó lórí àga, òrùlé yóò sì wà lórí wọn. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ó jẹ́ pé ọwọ́ àwọn ọmọ wa ni ó kàn án, kí ó má sì mì. Àmín.