Ibà Pọ́njú-Pọ́ntọ̀

Bí ojú ènìyàn bá pọ́n, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì dà bí omi agbo, ohun tí a máa ń sọ ní Òkèhò ni pé oòrùn oko ni ó pa á. Oòrùn kò mọ̀ ọ́n o. Ẹ̀dọ̀ ni ó wú. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, abẹ́ egungun ìhà ọ̀tún ni ẹ̀dọ̀ wà. Bí ó bá wú, òróòro a ṣìnà, a máa bá ẹ̀jẹ̀ rìn.

Àwọn kòkòrò àìfojúrí pọ̀ tí í bá ẹ̀dọ̀ jà. Ìdílé kan wà nínú wọn tí a kì í fura sí, herpes ni àwọn dókítà ń pè é. Epstein, Achong àti Barr rí ọ̀kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1964, nínú kókó tí a gé lára ọmọ Uganda kan. Èyí ti wọ ọ̀pọ̀ wa lára láti kékeré. Bí ó bá kan ẹ̀dọ̀, ó sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Èyí tí í sú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sí ètè lẹ́yìn ibà ni mo bẹ̀rù jù. Kì í sábà dé ẹ̀dọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá dé ẹ̀dọ̀ ọmọ titun tàbí ti aboyún, ó lè tètè pa á. Oògùn rẹ̀ wà, acyclovir, bí a bá yára dé ilé ìwòsàn. Ẹ má kọ́kọ́ da agbo àti kóró oògùn ọjà lé ẹ̀dọ̀ tí ó ti rẹ̀.

Ìyá àgbà kan ládùúgbò wa bínú sí mi nígbà tí mo ní kí wọ́n má fi ètè elégbò kan ọmọ-ọmọ wọn titun. Wọ́n ní, “Tíṣà, ṣé àjẹ́ ni mí ni?” Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n dúró títí egbò náà fi gbẹ.