Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé Wa
(Àsọyé tí a sọ fún àwọn ìyá ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin)

Ní ìpàdé tó kọjá, arábìnrin kan bi mí bóyá òun lè gbin kọlifláwà sí ẹ̀yìnkùlé òun, nítorí iye tí wọ́n ń tà á ní Èkó ya òun lẹ́nu. Mo ní n ó dáhùn lónìí.

Arábìnrin, má náwó rẹ sí i. Ọmọ ìyá kábéèjì ni, òtútù ló sì fẹ́. Kí orí funfun tí à ń jẹ tó lè yọ dáadáa, ojú ọjọ́ ní láti wà ní nǹkan bí 15 sí 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìjẹ̀bú kì í tutù tó bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án, àní nígbà ọyẹ́ pàápàá. Ewé ni wàá máa rí. Irú kan wà tó ń fara da ooru díẹ̀, ṣùgbọ́n irúgbìn rẹ̀ wọ́n. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún àwọn ará Jọ́ọ̀s, tí ilẹ̀ wọn ga ju òkun lọ ní nǹkan bí 1,200 mítà.

Tẹ̀tẹ̀ ni kí ẹ gbìn. Irúgbìn rẹ̀ kéré púpọ̀, nítorí náà ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí ẹ tó fọ́n ọn, kó má baà ṣù jọ sí ojú kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ ti ń jẹ ẹ́. Ìgbẹ́ adìẹ dára fún un, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó jẹrà ná. Tútù rẹ̀ a máa jó ewéko. Ní ti ewúro, igi rẹ̀ ni kí ẹ gé, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀. Gbúre kò tilẹ̀ dúró de ẹnikẹ́ni.

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, ẹ mọ ohun tí owó ọkọ̀ sọ ẹ̀fọ́ ọjà dà.

Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù lọ́kàn mi nìyí. Opó kan tí mo mọ̀ ní ẹ̀fọ́ lẹ́yìn ilé. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ta ilẹ̀ náà, katakátá sì hú gbogbo rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ rántí Nábótì: ọgbà ewébẹ̀ ni Áhábù fẹ́ fi ilẹ̀ rẹ̀ ṣe, ẹ̀mí ọkùnrin náà ló bá a lọ. Lábẹ́ àṣà wa, opó kì í jogún ilẹ̀ ọkọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ ń jogún, ọkùnrin àti obìnrin. Ilẹ̀ tí bàbá wọn fi owó ara rẹ̀ rà, tí kò sì ṣe ìwé ìhágún, tiwọn ni; àbúrò bàbá kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a tà. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ń ṣẹlẹ̀ sí, kó tètè sọ fún wa kí katakátá tó dé. Ẹ fi ìwé ilẹ̀ pamọ́ síbi tí àwọn ọmọ mọ̀.

Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ wà nínú agolo lórí tábìlì yẹn. Ẹni tó bá fẹ́, kó bu tirẹ̀.