Òjò Kọ́ Ló Ba Ọkọ̀ Yín Jẹ́

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn mẹkáníìkì ìlú wa bá ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé. A kọ ọ́ síbí fún àwọn tí kò ráàyè wá.)

    

Nígbà tí akọ̀wé ní kí n wá sọ̀rọ̀, mo bi í pé kí ni mẹkáníìkì fẹ́ sọ níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàlàyé fún wa o. Kí ló dé tí ọkọ̀ akẹ́rù tí a rà fún àwọn ará ilé fi máa ń mísì bí òjò bá ti rọ̀? Wọ́n á ní ká fi owó páàtì ránṣẹ́. A ó fi ránṣẹ́. Bí òjò bá tún rọ̀, wọ́n á tún pè." Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Mo mọ ìdílé tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ nítorí irú owó páàtì bẹ́ẹ̀. Èyí tó wà lókè òkun rò pé wọ́n ń jẹ òun. Èyí tó wà nílé kò sì jí kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ̀mù, bàbá kan gbé pikọ́ọ̀pù àtijọ́ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló fi ń kó láti oko wá sọ́jà. Ó ní, "Ọmọ mi, bí òjò bá ti rọ̀ báyìí, ọkọ̀ yìí á máa mísì. Bó bá gbé ẹrù dé ibi òkè, díẹ̀ ló kù kó kú." Òòrùn ń ràn lọ́jọ́ náà. Mo sítáàtì ẹ́ńjìnnì, ó ń dún dáadáa, kò ṣe nǹkan kan. Dípò kí n sọ pé n kò tíì rí àìsàn rẹ̀, mo ní kábúrétọ̀ ni. Bàbá ra kábúrétọ̀. Ọkọ̀ ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, inú èmi àti bàbá dùn. A kò mọ̀ pé nítorí pé òjò kò rọ̀ ni. Òjò rọ̀, ìṣòro tún dé. Mo ní pọ́ǹpù epo ni. Ó rà á. Òjò rọ̀, ó tún dé. Mo ní púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni. Bàbá náà kò bú mi o. Ohun tó sọ ni pé, "Owó ilé-ìwé ọmọ ni mo fi ń ra àwọn páàtì yìí."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, òjò ń wẹ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ti mú iná lọ, gbogbo ibẹ̀ ṣú. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo ní kí ọmọọṣẹ́ mi sítáàtì ọkọ̀. Mo rí iná aláwọ̀ búlúù tó ń sáré kiri lórí ìdérí disitirííbútọ̀, bí ọmọ mànàmáná. Ìdérí náà ti sán. Ìsán náà tín-ín-rín bí irun, ojú lásán kò lè rí i lọ́sàn-án. Nínú gbogbo ohun tí mo ní kí bàbá rà, kò sí èyí tí owó rẹ̀ kéré tó ti ìdérí yẹn. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Mo dá owó iṣẹ́ padà fún bàbá, ṣùgbọ́n owó páàtì ti lọ.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lọ́jọ́ náà ni mo gbé wá fún yín: òjò kọ́ ló ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ohun tó ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ ni òjò ń tú àṣírí rẹ̀. Ẹni tí kò bá sì wá ibi tí àṣírí náà wà, owó ló máa fi ṣòfò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Bátìrì ọkọ̀ kékeré jẹ́ volt 12 péré. Kọ́ìlì ló ń gbé iná yẹn sókè títí yóò fi kọjá volt 20,000. Iná ńlá yìí ló ń gba inú wáyà lọ sí púlọ́ọ̀gì, níbi tó ti máa fò kọjá àlàfo kékeré kan láti dáná sí epo àti afẹ́fẹ́ nínú sílíńdà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀lẹ ni iná rí: ọ̀nà tó bá rọrùn jù ló ń tọ̀. Rọ́bà àti páláńsítíìkì tó gbẹ, tó sì mọ́, kì í jẹ́ kó yà sọ́nà. Bí wáyà bá ti sán, tí eruku bò ó, tí omi wá dà lé e, iná ti rí ọ̀nà àbùjá nìyẹn. Á gba ara omi àti eruku bọ́ sí irin ẹ́ńjìnnì. Púlọ́ọ̀gì kò ní rí iná gbà. Epo tí kò jó á gba sáyílẹ́ńsà jáde, ọkọ̀ á máa jẹ́ẹ̀kì. Òun la ń pè ní mísì.

Ẹ wo bó ṣe bá ojú ọjọ́ tiwa mu. Láti oṣù Kejìlá ni ọyẹ́ ti ń da eruku pupa sórí ẹ́ńjìnnì. Kò sí ìyọnu, torí pé ó gbẹ. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá dé, eruku yẹn á di ẹrẹ̀ tó ń gbé iná. Ìdí nìyẹn tí ṣọ́ọ̀bù mi fi máa ń kún lẹ́yìn òjò méjì-mẹ́ta àkọ́kọ́. Bí iná bá sì ti gba ibì kan kọjá léraléra, á jó ibẹ̀, á fi ìlà dúdú sílẹ̀ bíi ti pẹ́ńsùlù. Ìlà yẹn fúnra rẹ̀ ti di ọ̀nà. Láti ìgbà náà lọ, ìrì òwúrọ̀ lásán ti tó láti mú kí ọkọ̀ máa mísì.

Ẹ̀yin kan á béèrè pé, kí ló dé tó fi ń le bí ọkọ̀ bá gbé ẹrù gun òkè? Ilẹ̀ olókè ni Èkìtì, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí dírẹ́bà bá tẹ ìjánu epo mọ́lẹ̀ níbi òkè, afẹ́fẹ́ inú sílíńdà á fún pọ̀ sí i, yóò sì ṣòro fún iná láti fò kọjá ní ẹnu púlọ́ọ̀gì. Bí ọ̀nà gidi bá ti le, iná á sá gba ọ̀nà àbùjá. Nítorí náà, kí mẹkáníìkì má ṣe ní kò sí nǹkan kan nítorí pé ọkọ̀ òfìfo ń dún dáadáa ní ṣọ́ọ̀bù.

Wàyí o, ìbéèrè tó ṣáájú gbogbo ìbéèrè: ṣé bẹntiróòlù ni ọkọ̀ náà ń lò ni, àbí dísẹ̀lì? Títípà 911 àti àwọn ọkọ̀ ńlá mìíràn, dísẹ̀lì ni wọ́n ń lò. Ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì kì í lo iná púlọ́ọ̀gì láti fi jó epo. Bí ó ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ ni afẹ́fẹ́ náà fi ń gbóná tó láti dáná sí epo. Àwọn kan ní hítà púlọ́ọ̀gì, ṣùgbọ́n fún sítáàtì ló wà, kì í ṣe èyí tó ń dáná lójú ọ̀nà. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi owó kọ́ìlì tàbí wáyà púlọ́ọ̀gì ránṣẹ́ fún títípà dísẹ̀lì, ẹ dákun, ẹ dúró ná.

Lára dísẹ̀lì, omi inú epo ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí nígbà òjò. Ó lè gba ìdérí táǹkì tí kò dé dáadáa wọlé, ó sì lè ti inú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ra epo wá. Omi wúwo ju epo lọ, ìsàlẹ̀ ló ń wà. Kí mẹkáníìkì tú ibi tí omi ń gbà jáde lábẹ́ fílítà, kó gbè é sínú ìgò funfun, kó gbé e kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí omi bá wà níbẹ̀, á yà sọ́tọ̀ nísàlẹ̀, ẹ ó fojú rí i. Bẹntiróòlù náà ṣeé yẹ̀ wò báyìí, ṣùgbọ́n ìgò kò lè fi gbogbo àbùkù epo hàn. Ẹ rántí oṣù Kejì ọdún 2022, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kó bẹntiróòlù tí methanol inú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ kúrò lọ́jà.

Bó bá jẹ́ ọkọ̀ bẹntiróòlù, bí a ṣe ń wá àìsàn rẹ̀ nìyí.

Èkíní, ẹ bi dírẹ́bà dáadáa. Ṣé òwúrọ̀ lẹ́yìn òjò ló ń ṣe é, tí yóò sì dáwọ́ dúró bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná? Ṣé ìgbà tó bá kọjá nínú ọ̀gbàrà ni? Ṣé lẹ́yìn tí wọ́n fọ ẹ́ńjìnnì ni? Dírẹ́bà ló ń gbé pẹ̀lú ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ jẹ́ ìdajì iṣẹ́.

Èkejì, ẹ wo ibi tí omi ń gbà wọlé. Bí ọkọ̀ bá ń sùn lábẹ́ igi máńgòrò, ewé á dí ojú ihò tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, omi á wá máa kán sórí ẹ́ńjìnnì. Ẹ lè ra kọ́ìlì mẹ́wàá, bí ẹ kò bá kó ewé yẹn kúrò, òfo ni.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi òkùnkùn àti omi dán an wò. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, torí èéfín inú gáréèjì tí a tì lè pa ènìyàn. Bí òórùn epo bá wà, ẹ má ṣe é rárá. Ẹ fa ìjánu ọwọ́, kí ẹ sítáàtì ọkọ̀. Ẹ mú ìgò tí àwọn onídìrí fi ń fín omi sí irun, kí ẹ fín in fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ sí ibì kan lẹ́ẹ̀kan: kọ́ìlì, lẹ́yìn náà ìdérí disitirííbútọ̀, lẹ́yìn náà wáyà kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ẹ bá fín omi sí tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí mísì, ibẹ̀ ni. Ẹ má fọwọ́ kan wáyà kankan nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, iná yẹn lágbára. Ẹ má fín omi sára jẹnẹrétọ̀ ọkọ̀. Ẹ má sì wọ agbádá tàbí aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ sún mọ́ fáànù.

Ẹ̀kẹrin, fún àwọn ọkọ̀ òde òní tí sílíńdà kọ̀ọ̀kan ní kọ́ìlì tirẹ̀, ẹ so skánà mọ́ ọn. P0300 ń sọ pé kì í ṣe sílíńdà kan ṣoṣo ló ń mísì. P0302 ń sọ pé sílíńdà kejì ni. Ẹ gbọ́ mi yé o: skánà sọ sílíńdà, kò sọ páàtì. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ gbé kọ́ìlì sílíńdà kejì sí ìkẹta, kí ẹ gbé ti ìkẹta sí ìkejì, kí ẹ tún wà á. Bó bá di P0303, kọ́ìlì náà ló ní àrùn. Bó bá ṣì jẹ́ P0302, kọ́ìlì kọ́, ẹ yẹ púlọ́ọ̀gì wò, kí ẹ sì wo inú ihò rẹ̀ bóyá omi tàbí ọ́ìlì wà níbẹ̀. Àyẹ̀wò yìí kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Àwọn kan á ní kí a ṣáà fi náílọ́ọ̀nù so disitirííbútọ̀ mọ́lẹ̀. Ó lè gbé yín délé lálẹ́ ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n ooru á mú kí omi máa là nínú rẹ̀, náílọ́ọ̀nù sì lè yọ́ mọ́ irin gbígbóná. Ẹ má sì máa wa ọkọ̀ tó ń mísì lọ títí. Epo tí kò jó ń fọ ọ́ìlì kúrò lára sílíńdà, ẹ́ńjìnnì á sì tètè gbó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́, ìbéèrè mẹ́ta péré ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ máa béèrè. Ìgbà wo gan-an ló ń mísì? Àyẹ̀wò wo ni mẹkáníìkì ṣe? Kí ni àyẹ̀wò náà fi hàn? Ẹ ní kí wọ́n fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ má fi ohùn olópàá béèrè o, ẹ fi ohùn ọmọ ìyá béèrè. Bí ìdáhùn bá wà, ẹ fi owó ránṣẹ́ kíá, nítorí páàtì tó ti sán kò ní san fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì àti rewáyà ẹlẹgbẹ́ mi, bí òòrùn bá ń ràn tí ẹ kò rí àìsàn náà, ẹ sọ pé ẹ kò tíì rí i. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ìtìjú wà nínú kí á fi owó ilé-ìwé ọmọ ẹlòmíràn kọ́ iṣẹ́.

Ọkọ̀ tó ń kó iṣu lọ́sàn-án nílùú wa yìí, òun náà ni wọ́n ń sáré pè lóru láti gbé aboyún láti oko wá sí ilé ìwòsàn ńlá ìjọba àpapọ̀ tó wà níbí. Òjò kì í sọ pé òun á dúró de aboyún. Ẹ jẹ́ kí a wá àìsàn ọkọ̀ wa nígbà tí ilẹ̀ ṣì gbẹ.

Ìdó-Èkìtì á máa gbèrú o. A ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà.